Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Wo Ẹyẹ àti Ọ̀kẹ́rẹ́ Ìgboro Láti Ojú Fèrèsé Ilé Yín

Ẹyẹlé kan wà tó máa ń wá bà sórí ògiri tó dojú kọ fèrèsé mi láràárọ̀. Ìka méjì péré ló kù ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń rí i kí n tó mọ̀ pé òun kan náà ni, nítorí nígbàkígbà tí mo bá gbójú sókè, “ẹyẹlé ni” ni ọkàn mi máa ń sọ, ojú mi á sì kúrò níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo rí ẹsẹ̀ yẹn dáadáa ni ìwòran mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo wá ń mọ ọjọ́ tó bá pẹ́ kó tó dé, mo mọ èyí tí wọ́n jọ máa ń jà nítorí ìjókòó kan náà, mo sì mọ èyí tí wọ́n jọ ń tọ́mọ.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín níbí ni bí ẹ ṣe máa jókòó ti fèrèsé kan títí ẹ ó fi lè dá ẹyẹ kan mọ̀ láàárín ọ̀wọ́ rẹ̀, tí ẹ ó sì mọ ọ̀kẹ́rẹ́ tòní yàtọ̀ sí tàná. Kò gba owó púpọ̀, kò sì gba kí ẹ jáde nílé. Sùúrù ló gbà, àti kí ẹ máa padà sí ibi kan náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan fèrèsé kan, kí ẹ sì dúró tì í

Ẹ yẹ gbogbo fèrèsé ilé yín wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹyẹ lè bà sí ni ẹ ń wá: wáyà iná, orí ògiri, etí òrùlé, òpó, ẹ̀ka igi. Fèrèsé tó kọjú sí igi kan ṣoṣo tó ti gbó dára ju èyí tó kọjú sí pápá ńlá tí koríko nìkan kún lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́ ló wù yín jù, ẹ wá ibi tí ẹ̀ka igi kan ti kan igi kejì, tàbí ibi tí ẹ̀ka ti kan òrùlé. Ọ̀kẹ́rẹ́ orí igi kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ bó bá lè rí ọ̀nà gba òkè, ọ̀nà kan náà ló sì sábà máa ń tọ̀ lójoojúmọ́, bí àgbẹ̀ tó ń gba ọ̀nà oko rẹ̀.

Ẹni tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á rí ẹ̀yìn ẹyẹ àti bó ṣe ń na apá fò. Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ á rí bó ṣe ń ṣa oúnjẹ jẹ nílẹ̀. Kò sí èyí tí kò dára níbẹ̀. Oòrùn ni kí ẹ kíyè sí jù. Bí oòrùn bá ń wọlé bá yín lójú, gbogbo ẹyẹ á kàn dúdú bí òjìji ni, ẹ kò ní rí àwọ̀ kankan lára rẹ̀. Nítorí náà, fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ló dára láàárọ̀, èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló dára nírọ̀lẹ́.

Tí ẹ bá ti yan ọ̀kan, ẹ má ṣe máa ṣí kiri láti yàrá dé yàrá. Ẹni tó ń wo fèrèsé mẹ́rin kò ní mọ ìgbà tí nǹkan bá yí padà nínú èyíkéyìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jẹ́ kí yàrá ṣókùnkùn ju ìta lọ

Gíláàsì fèrèsé lè fi yín pamọ́ tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lò. Lọ́sàn-án, bí inú ilé bá ṣókùnkùn ju ìta lọ, ojú ọ̀run àti igi ni ẹyẹ ń rí lára gíláàsì, kò ní rí yín dáadáa. Ẹ pa iná yàrá. Ẹ gbé àga sẹ́yìn díẹ̀ sí ojú fèrèsé, bí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì. Ẹ fa kọ́tìnì bo ìdajì.

Ojú ẹyẹlé wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí gbogbo àyíká rẹ̀ láì yí ọrùn. Bákan náà ni ojú ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe wà. Ohun tó máa ń lé wọn jù ni kí nǹkan ṣàdédé mì. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé awò tàbí fóònù sójú, ẹ gbé e díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró di ìgbà tí ẹyẹ náà bá ń jẹun tàbí tó ń tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá dá dúró gbagidi lójijì, kí ẹ̀yin náà dá dúró. Òun ló máa kọ́kọ́ mira.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ àkókò tí wọ́n ń jáde

Wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́ ni ìran pọ̀ sí jù. Ọ̀rá díẹ̀ tí ẹyẹ kékeré tò sára lánàá ló fi sun mọ́jú, ebi sì ti ń pa á gan-an. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà á jáde láàárọ̀, á sinmi lọ́sàn-án, á tún jáde bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀. Ọ̀sán gangan máa ń dá páropáro, àfi tí àwòdì bá wà ládùúgbò yín. Bí oòrùn bá ti mú òrùlé àti títì gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gòkè, àwòdì á na apá lé e, á máa yí po lókè láì lu apá rárá. Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá náà dára, nítorí wọ́n á jáde wá wẹ̀ nínú omi tó dúró sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ ní àkókò kan náà sàn ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú 15 yìí náà ni ètò Great Backyard Bird Count, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, ń bẹ àwọn ènìyàn fún kí wọ́n fi ka ẹyẹ ní oṣù kejì ọdún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ohun èlò

Ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsù. Èyí tó kù, ẹ lè ṣe é láì ní in.

Tí ẹ bá sì fẹ́ ra awò bínókúlà, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára. 8x42 túmọ̀ sí pé ó ń mú nǹkan sún mọ́ yín ní ìlọ́po mẹ́jọ, àti pé gíláàsì iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 42. Bí gíláàsì iwájú bá ṣe fẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe ń pọ̀ tó, èyí sì wúlò láfẹ̀mọ́jú. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ra ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ojú fèrèsé. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, ohun tí ẹ ń wò á máa jó kiri, ibi tí ojú yín sì máa kó lẹ́ẹ̀kan á kéré. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi wo nǹkan tó wà ní mítà méjì tàbí mẹ́ta sí yín, nítorí àwọn awò kan wà tí wọn kì í ríran nítòsí, bẹ́ẹ̀ nítòsí gan-an ni ẹyẹ ojú fèrèsé máa ń bà sí. Ẹ dojú kọ gíláàsì tààrà nígbà tí ẹ bá ń wò. Bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ wò ó, gbogbo nǹkan á máa wọ́.

Fún fọ́tò, ẹ gbé ojú kámẹ́rà fóònù lé gíláàsì tímọ́tímọ́, kí ẹ sì pa iná rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyẹ tí ẹ ti mọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbìyànjú rẹ̀ tó sì sú wọn, ẹyẹ àràmàǹdà ni wọ́n ń dúró dè. Ẹyẹlé tó wà níwájú yín ti tó kọ́ yín fún ọdún kan gbáko.

Baba ńlá ẹyẹlé ìgboro, ara àpáta gíga létí òkun ló ń gbé. Ìdí nìyẹn tí etí fèrèsé àti abẹ́ afárá fi tẹ́ ẹ lọ́rùn ju orí igi lọ. Ilé gíga jọ àpáta lójú rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń rìn. Ó dà bíi pé ó ń mi orí síwá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ tẹjú mọ́ orí náà nìkan: á sún síwájú lẹ́ẹ̀kan, á wá dúró sójú kan nígbà tí ara ń bọ̀ wá bá a. Ìdúró yẹn ló ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ ríran kedere. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1978 gbé ẹyẹlé sórí bẹ́líìtì tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ó ń rìn ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan, ohun tó wà láyìíká rẹ̀ kò sì yí padà. Orí náà kò mì mọ́.

Ẹ wò ó pẹ̀lú nígbà tó bá ń mumi. Adìẹ àti ọ̀pọ̀ ẹyẹ á bu omi sẹ́nu, wọ́n á gbé orí sókè kó lè ṣàn lọ sọ́fun. Ẹyẹlé àti àdàbà á ti ẹnu bọ omi, wọ́n á sì máa fà á láì gbórí.

Ẹyin méjì ni ẹyẹlé sábà máa ń yé, ó sì ń tó nǹkan bí ọjọ́ 18 kí wọ́n tó pa. Akọ àti abo jọ ń sàba ni: akọ ló sábà máa ń wà lórí ẹyin lọ́sàn-án, abo á sì gbà á láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú. Bí ẹ bá ní ìtẹ́ kan tí ẹ lè rí láti ojú fèrèsé, ẹ wo ìgbà tí wọ́n ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ èwo ni akọ, èwo ni abo, nítorí ojú lásán kò lè tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ ó tún rí i pé akọ náà ń fún ọmọ lóúnjẹ bí abo: ohun funfun bíi wàrà kan tó ń jáde láti inú àpò oúnjẹ tó wà lọ́fun wọn ni méjèèjì fi ń bọ́ ọmọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹsẹ̀. Mo ti rò pé àrùn ló jẹ ìka ẹyẹlé tèmi. Òwú àti irun orí ènìyàn ló sábà máa ń ṣe é: á wé mọ́ ìka nígbà tí ẹyẹ bá ń jẹ̀ nílẹ̀, á máa fún un títí ìka á fi kú tí á sì já. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Paris, tó jáde lọ́dún 2019, ìka ẹsẹ̀ tó gé pọ̀ lára ẹyẹlé ní àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù àwọn agẹrun ti pọ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti ń gé òwú àti irun sí wẹ́wẹ́ kí n tó dà wọ́n nù, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ̀yin náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti ológoṣẹ́ rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Akọ ni ọrùn rẹ̀ dúdú láti abẹ́ ẹnu dé àyà. Àwọ̀ ilẹ̀ lásán ni ti abo, pẹ̀lú ìlà tó mọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ojú. Bí ẹ bá rí kòtò kéékèèké níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi erùpẹ̀ wẹ̀. Ní àkókò ìtẹ́, ẹ wo ohun tó ń gbé lẹ́nu. Ní Mexico City, àwọn olùwádìí rí i pé ológoṣẹ́ ń kó òwú inú sìgá tí wọ́n ti mu tì sínú ìtẹ́, àti pé ìtẹ́ tí òwú yìí pọ̀ sí ni kòkòrò amùjẹ̀ kéré sí.

Bí kannakánná bá wà ládùúgbò yín, ẹ mọ̀ pé òun náà ń wò yín. Lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí ní University of Washington ní ìlú Seattle dé ìbòjú kan nígbà tí wọ́n ń mú kannakánná láti fi àmì sí wọn lára. Wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, bí ẹnikẹ́ni bá dé ìbòjú yẹn kọjá, kannakánná á pariwo lé e lórí, títí kan àwọn tí wọn kò mú rí. Ẹ má ṣe sọ òkúta lu ẹyẹ yìí, ẹ má sì sún mọ́ ìtẹ́ rẹ̀. Kò ní gbàgbé ojú yín.

Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ kí ẹ lè gbọ́ ohùn wọn. Lọ́dún 2003, àwọn méjì tó ṣèwádìí ní ìlú Leiden, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, fi hàn pé ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní great tit máa ń fi ohùn tínrín tó ga sókè kọrin níbi tí ariwo ọkọ̀ ti pọ̀, kí ariwo náà má baà bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ orin tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín, áàpù Merlin ti Cornell Lab of Ornithology lè gbọ́ ọ láti orí fóònù kó sì dárúkọ ẹyẹ náà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ orúkọ tó bá sọ sílẹ̀ títí ojú yín á fi rí ẹyẹ náà. Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣi ẹyẹ kan mú fún òmíràn.

Àmì kan tí mi ò fẹ́ kí ẹ pàdánù: bí gbogbo ẹyẹlé bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà láì sí ariwo kankan, ẹ má wo wọn. Ẹ wo òkè wọn. Àṣá ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kọ́ láti ka ìrù ọ̀kẹ́rẹ́

Ìrù ni ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ pọ̀ sí jù. Òun ló fi ń dọ́gba lórí wáyà, òun ló ń dà bo ẹ̀yìn nígbà òjò, òun náà ló fi ń sùn bí aṣọ. Bó bá ń jù ú wìrìwìrì, tó sì ń gbó bí ajá kékeré tó há lọ́fun, nǹkan kan ti dé. Ẹ wo ibi tí imú rẹ̀ kọjú sí, ẹ ó rí ológbò tàbí àṣá níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kẹ́rẹ́ ló máa ń fi ológbò hàn mí.

Àwọn àgbà ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Ojú tiwa kò gbọdọ̀ dá. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá rí ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹ̀yìn igi ló ń yí sí, kí igi lè wà láàárín òun àti ohun náà. Kò lọ. Ẹ fi ojú ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ igi méjèèjì, kí ẹ má mira. Láìpẹ́, ẹ ó rí etí kan, lẹ́yìn náà ojú kan tó ń yọ wò yín.

Nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Orí ló máa ń kọ́ sílẹ̀ wá. Ológbò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kó fi ìdí sọ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ lè yí padà sẹ́yìn tó fi jẹ́ pé èékánná rẹ̀ kọ́ ara igi bó ṣe dorí kodò.

Mo rí ọ̀kan lọ́jọ́ kan tó gbé èso líle kan sẹ́nu, ó gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi, ó ti imú bọ ihò náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá erùpẹ̀ padà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kíákíá. Nígbà tó yíjú padà, èso náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ kejì wà lórí ògiri tó ń wò ó. Bí èkíní ti kúrò níbẹ̀, èkejì sọ̀ kalẹ̀ wá tú ihò náà, kò bá nǹkan kan. Èkíní ti dé ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń ri èso rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí ojú kò tó o. Mo rò pé èèṣì ni, àfi ìgbà tí mo kà pé àwọn onímọ̀ tó ń wo ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú ti rí ẹ̀tàn yìí léraléra, àti pé ó máa ń pọ̀ sí i bí òmíràn bá wà nítòsí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ri èso rẹ̀ mọ́lẹ̀ káàkiri, ó ń rántí ibi tó pọ̀ nínú wọn, ó sì ń gbóòórùn àwọn yòókù. Èyí tí kò padà wá hú lè hù di igi.

Eyín iwájú rẹ̀ mẹ́rin kì í dẹ́kun híhù, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa rún nǹkan líle. Bí ẹ bá rí i tó ń gé igi férémù fèrèsé tàbí wáyà, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ìtẹ́ rẹ̀ máa ń rí roboto, bí ìdì ewé tí wọ́n há sáàárín ẹ̀ka. Ó sì lè gbé inú ihò igi pẹ̀lú.

Láti dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀, ẹ wá etí tó ya, ìrù tí irun rẹ̀ ti jábọ́ lápá kan, àpá, tàbí ẹsẹ̀ tó ń tiro. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, bó ti wù kó burú tó, kí ẹ sì fún un lórúkọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn ka ọ̀kẹ́rẹ́ ní Central Park ní New York ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, wọ́n kọ ìgbà 3,023 tí wọ́n rí ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì kọ nǹkan mẹ́ta tí ẹ̀yin náà lè máa kọ: àwọ̀ rẹ̀, ohun tó ń ṣe, àti ohun tó ṣe nígbà tó rí ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ keje: Omi ṣáájú oúnjẹ

Ní tèmi, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síta. Ẹ wá àwo pẹrẹsẹ tí jíjìn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, ẹ fi òkúta kan sáàárín kí ẹyẹ kékeré lè rí ibi dúró, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́ kí ẹ̀fọn má baà yé sínú rẹ̀. Ẹyẹ tí kò ní jẹ hóró kankan lọ́wọ́ yín á wá mumi.

Bí ẹ bá fẹ́ fi oúnjẹ kún un, kí ó jẹ́ hóró tàbí ẹ̀pà tí kò ní iyọ̀, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó bá kù mọ́jú, eku ló máa jẹ ẹ́. Búrẹ́dì ń kún wọn nínú láì ṣe wọ́n láǹfààní, ṣokoléètì ń pa wọ́n. Ẹ máa fọ àwo náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú bílíìṣì ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, ẹ ṣan án dáadáa, ẹ sá a kó gbẹ. Bí ẹ bá rí ẹyẹ tó wú ìyẹ́ rẹ̀ sókè, tó ń tòògbé lọ́sàn-án, tí kò sì fò nígbà tí àwọn yòókù fò, ẹ kó oúnjẹ àti omi kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lè tú ká. Àrùn máa ń yára ràn níbi tí wọ́n ti ń jẹun pọ̀.

Ẹ má fi ọwọ́ bọ́ ọ̀kẹ́rẹ́. Eyín tó ń fọ́ èso líle yẹn kò mọ ìka yàtọ̀ sí ẹ̀pà, ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá sì ti gbàgbé ẹ̀rù ènìyàn á lọ bá ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ má jẹ́ kí fèrèsé yín pa wọ́n

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibí yìí. Gíláàsì tó ń fi yín pamọ́ ló ń fi ojú ọ̀run han ẹyẹ, ẹyẹ á sì fò lọ sínú ọ̀run náà tagbáratagbára. Ìṣirò tó jáde lọ́dún 2014 fi iye ẹyẹ tí gíláàsì ilé ń pa lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà sí àárín mílíọ̀nù 365 àti mílíọ̀nù 988.

Sítíkà àṣá kan ṣoṣo láàárín gíláàsì kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni àmì tó kún ojú gíláàsì láti òde, tí àlàfo àárín wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ sí ọ̀tún, sí òsì, sókè àti sísàlẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ tí ẹ fi fa ìlà sára rẹ̀ láti òde ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé àwo oúnjẹ àti omi sí ibi tí kò tó mítà kan sí gíláàsì, kí ẹyẹ tó bá gbéra níbẹ̀ má tíì ní agbára tó láti fara pa. Ibi tó burú jù ni mítà márùn-ún sí mẹ́wàá sí i.

Bí ọ̀kan bá kọlu gíláàsì tó sì ṣubú, ẹ fi aṣọ gbé e sínú páálí tó ní ihò afẹ́fẹ́, ẹ pa á dé, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn tó sì dákẹ́. Ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má máa ṣí i wò. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ gbé páálí náà síta kí ẹ tó ṣí i. Bí kò bá lè fò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹ wá dókítà ẹranko. Tí ẹyẹ kan bá sì ń wá sọ gíláàsì yín lójoojúmọ́, òjìji ara rẹ̀ ló ń bá jà, ó rò pé òmíràn fẹ́ gba ilẹ̀ òun ni. Ẹ fi páálí tàbí aṣọ bo ibẹ̀ láti òde fún ọjọ́ mélòó kan.

Ọmọ ẹyẹ tó ti hùyẹ́ tó wà nílẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ sábà máa ń wà nítòsí. Ẹ kàn ti ológbò mọ́lé.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bí ẹ ó ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ọjọ́, aago, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ẹni tó wá, ohun tó ṣe. Ìlà kan tàbí méjì ti tó. Àpẹẹrẹ kan nínú ìwé tèmi rèé: “6:40, kùrukùru. Ẹyẹlé mẹ́rin lórí ògiri, Oníka-méjì wà níbẹ̀. Ó gbé igi tíntín kan lẹ́nu lọ sí abẹ́ òrùlé ilé kejì lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan, etí ọ̀tún ya, kò sọ̀ kalẹ̀.”

Tí ẹ bá ń kà wọ́n, ẹ má ro iye tí ẹ rí láàárọ̀ pọ̀ mọ́ ti ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e. Ẹyẹ kan náà lè lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Iye tó pọ̀ jù tí ojú yín rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ. Ìlànà yìí ni Big Garden Birdwatch, tí RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1979, ń lò títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wúlò fún àwọn onímọ̀ lè máa fi iye ẹyẹ rẹ̀ sí orí eBird, ìkànnì àkọsílẹ̀ ẹyẹ tó wà láti ọdún 2002.

Ọjọ́ tí ẹ bá jókòó tí nǹkan kan kò wá, ẹ kọ ìyẹn pẹ̀lú, pẹ̀lú aago rẹ̀. Mo fo irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún mi àkọ́kọ́, nígbà tí Oníka-méjì sì sọnù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò lè sọ bóyá ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.